Páìpù bíréèkì já lójú ọ̀nà: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa awakọ̀ Ìkòròdú

Bíréèkì ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìtòìkín, ní Ìkòròdú níbí, ni mo ti ń ṣe é. Ọkọ̀ tí mo ń rí jù ni kórópè, dáńfó, àti Corolla pẹ̀lú Sienna tòkunbọ̀. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn awakọ̀ máa ń bi mí nígbà tí mo bá ti wà lábẹ́ ọkọ̀ wọn. Ọjọ́ tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹ lè kà á ṣáájú.

Ọ̀gá, ṣé wáyà ló ń fa bíréèkì ni, àbí kí ló ń lọ sí ẹsẹ̀ táyà bí mo bá tẹ̀ ẹ́?

Ọ́ìlì ni. Bíréèkì ọwọ́ nìkan ló ń lo wáyà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń wà níbí. Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí bí ti ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe, ẹ ra síríńjì méjì ní ilé ìtajà oògùn, ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹnu wọn pọ̀, kí ẹ rọ omi kún inú rẹ̀ títí tí afẹ́fẹ́ ò fi ní sí níbẹ̀ rárá. Ẹ ti ọ̀kan wọlé, èkejì á yọ jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ ó rí i pé èkejì ò ní fẹ́ yọ mọ́, torí afẹ́fẹ́ máa ń fún ara rẹ̀ pọ̀ bí a bá tì í, omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ará Faransé kan, Blaise Pascal, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé bí a bá ti omi tó wà nínú nǹkan tó dé pinpin, gbogbo ara nǹkan náà ni agbára yẹn á dé bákan náà. Ara ọgbọ́n yìí ni Malcolm Loughead ti Amẹ́ríkà fi ṣe bíréèkì ọkọ̀ tó gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1917. Duesenberg Model A tó jáde ní 1921 ló sì kọ́kọ́ gbé e dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni bí agbára yẹn ṣe pọ̀ tó. Táyà yín ń gba nǹkan bíi 32 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń wo agbára afẹ́fẹ́ tàbí ọ́ìlì tó ń ti nǹkan. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì tagbáratagbára, ohun tó wà nínú páìpù yẹn máa ń ju 1,000 psi lọ. Páìpù tó ń gbé e kiri abẹ́ ọkọ̀ ò sì ju mílímítà 4.75 lọ láti etí kan dé èkejì. Ara irin rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 0.7, kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Bí páìpù kan bá já, ṣé gbogbo bíréèkì ti lọ nìyẹn?

Rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ gbé sórí ju gbogbo èyí tó kù lọ. Mo mọ ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà nítorí ó rò pé ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ìdajì bíréèkì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é.

Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ní apá ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí, lára ògiri tó pín ẹ́ńjìnì sọ́tọ̀ sí inú ọkọ̀, ẹ ó rí ike kékeré kan tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀. Nínú kórópè àti àwọn bọ́ọ̀sì míì, ibòmíì ló lè wà, ṣùgbọ́n ike náà ò yàtọ̀. Irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni másítà. Ihò kan gba àárín irin náà kọjá, pístìn méjì sì tò sínú ihò yẹn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Pístìn kọ̀ọ̀kan ní yàrá ọ́ìlì tirẹ̀ àti páìpù tirẹ̀. Ike orí rẹ̀ pàápàá ní ògiri kékeré láàárín, kí apá tó ń jò má baà fa ọ́ìlì apá kejì lọ.

Nígbà tí ara ọkọ̀ dá, pẹ́dà á ti pístìn àkọ́kọ́, ọ́ìlì tó wà láàárín á ti ìkejì, àwọn méjèèjì á sì jọ ṣiṣẹ́. Tí páìpù pístìn àkọ́kọ́ bá já, kò ní sí ohun tó máa dá a dúró. Á rìn ìrìn òfo títí tí irin rẹ̀ fi máa kan pístìn kejì, á wá fi irin ti irin, apá kejì á sì mú. Bó bá jẹ́ ti ìkejì ló já, pístìn kejì yẹn á sáré lọ dúró sí ìdí ihò, ti àkọ́kọ́ á wá rí ibi fẹ̀yìn tì, á sì ṣiṣẹ́. Ìrìn òfo yìí ni ẹsẹ̀ yín ń gbọ́ tí pẹ́dà fi wọlẹ̀.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní bíréèkì alápá méjì báyìí, nítorí náà kò sí Corolla tàbí Sienna kankan ní garéèjì Sábó tí kò ní in. Àwọn Volkswagen àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní ìjàpá, àwọn tó ti pẹ́ jù nínú wọn, apá kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Tiwọn já, ó já náà nìyẹn.

Kí ni ẹsẹ̀ mi máa gbọ́ lọ́jọ́ náà?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, nígbà tí mo ń wa kórópè láti Sábó lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀, kí n tó kọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí. Òjò ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ọmọ iléèwé kan bọ́ sí títì, mo tẹ bíréèkì. Mo gbọ́ "pọ́" lábẹ́ ọkọ̀, pẹ́dà sì bọ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí pákó àtẹ̀gùn bá kán lábẹ́ èèyàn. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé ẹsẹ̀ sókè. Kò pẹ́ rárá tí mo fi gbé e sókè yẹn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń lọ. Ìyá kan tó jókòó síwájú kígbe mọ́ mi pé, "Dírẹ́bà, tẹ̀ ẹ́ o!" Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó wọlẹ̀, ó wọlẹ̀, ó kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀ ọkọ̀, ibẹ̀ ni mo ti bá nǹkan líle pàdé. Mo fi gbogbo ìdí àti ẹ̀yìn mi tì í. A dúró. Ọmọ náà ti gòkè sí òdìkejì títì, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ọ́ìlì ń kán tó, tó, tó láti ara páìpù tó lọ sẹ́yìn, níbi tí etí irin kan ti ń ha á láti ọjọ́ pípẹ́. Ihò náà ò tó ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ.

Nítorí náà ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé pẹ́dà á wọlẹ̀ ju bó ṣe máa ń wọlẹ̀ lọ, lójijì. Á wá gba agbára ẹsẹ̀ púpọ̀ kí ọkọ̀ tó gbọ́. Iná pupa lè tàn lójú dáṣìbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ lè máa fà sí apá kan. Nǹkan líle tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni bíréèkì yín tó kù, ẹ má sì fi í sílẹ̀.

Ìdajì wo ló máa kù, ti iwájú ni àbí ti ẹ̀yìn?

Ó wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe pín páìpù ọkọ̀ yín. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì àti píkọ́ọ̀pù tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń tì wọ́n lọ, iwájú ní apá tirẹ̀, ẹ̀yìn ní tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, gbogbo ẹrù ọkọ̀ ló ń rọ́ síwájú. Ẹ wo bí èrò ṣe máa ń dojú bolẹ̀ nínú dáńfó. Torí ẹ̀ ni iwájú fi ń ṣe bí ìdá ọgọ́ta sí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ bíréèkì. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ló já, bó ṣe já mọ́ mi lọ́wọ́, orí yín ṣe é, èyí tó lágbára ló kù. Bó bá jẹ́ ti iwájú, èyí tó kù kéré gan-an, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ jù nígbà òjò, táyà ẹ̀yìn lè gan kí ìdí ọkọ̀ sì yí síta.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tí táyà iwájú ń fà, wọ́n fi páìpù dábùú: iwájú ọ̀tún pẹ̀lú ẹ̀yìn òsì, iwájú òsì pẹ̀lú ẹ̀yìn ọ̀tún. Orí àwọn ọkọ̀ yìí wúwo ju ìdí wọn lọ, torí náà bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn nìkan sílẹ̀ fún yín lọ́jọ́ ìṣòro, kò ní lè ṣe nǹkan kan. Bó ṣe dábùú yìí, apá yòówù kó já, iwájú kan ṣì wà. Ọkọ̀ lè fà sí apá ibi tí iwájú ti ń mú, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn.

Báwo ló ṣe máa jìnnà tó kí ìdajì bíréèkì tó dá ọkọ̀ dúró?

Ó máa jìnnà ju bí ọkàn yín ṣe rò lọ. Òfin 13-H ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Yúróòpù, ló fún wa ní òṣùwọ̀n. Wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń sá ní kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan gbọ́dọ̀ lè dúró láàárín mítà 70 bí bíréèkì rẹ̀ bá pé. Bí apá kan bá ti já, ohun tí wọ́n gbà láyè fún un jẹ́ mítà 168. Èyí ju pápá bọ́ọ̀lù kan àtààbọ̀ lọ. Bí a bá fi ìṣirò kan náà wo eré kìlómítà 60, tó jẹ́ eré tí à ń sá lójoojúmọ́ láti Ògólóńtò lọ sí Máìlì 12, bíréèkì tó pé jẹ́ nǹkan bíi mítà 28, ìdajì bíréèkì á tó mítà 63. Ẹ sì rántí pé ọ̀nà gbígbẹ, táyà tó dáa àti dírẹ́bà tó ti mọ̀ pé òun fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n fi ń dán an wò. Ní eré 60 yẹn, ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹ fi ṣe "yéè!" ti gbé yín lọ ní mítà 17.

Kí ni kí n ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an?

Ẹ tẹ pẹ́dà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì dì í mú síbẹ̀. Bí ẹ kò bá bá nǹkan líle pàdé rárá, ẹ gbé ẹsẹ̀ kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ kíákíá lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, bí ẹni ń pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́. Bí ihò rẹ̀ bá kéré tàbí tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló wọ inú rẹ̀, ìyẹn lè gbé e sókè. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí táróòtù. Ẹ yí jíà wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti 4 sí 3, láti 3 sí 2. Bó bá jẹ́ aláìníkílọ́ọ̀ṣì (automatic), ẹ fà á sí 2 tàbí L. Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ á máa di ọkọ̀ mú.

Bíréèkì ọwọ́ ò bá ti ẹsẹ̀ pín ọ́ìlì, wáyà ló ń fà á, ẹ̀yìn ló sì ń mú, torí náà ó ṣì wà fún yín. Ẹ tẹ bọ́tìnì orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa dẹ̀ ẹ́ bí ìdí ọkọ̀ bá fẹ́ yí. Ẹni tó bá já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà lórí eré, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ lè ṣáájú orí rẹ̀.

Ẹ má ṣe pa ẹ́ńjìnì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré. Bùsítà tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ ń gba agbára rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá pa á, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni yóò ṣì ràn yín lọ́wọ́, sítíárìn á le, bí ẹ bá sì yọ kọ́kọ́rọ́, ó lè gan pátápátá. Ẹ fọn hóònù, ẹ tan iná méjèèjì tó ń ṣẹ́jú, ẹ yà kúrò láàárín títì. Tí kò bá sí ọ̀nà míì, yanrìn etí títì, koríko tàbí ibi tó ń gun òkè díẹ̀ sàn ju ìdí tírélà lọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 tàbí 112, ti àwọn Road Safety ni 122.

Ọ̀gá, ẹ kàn bá mi dí ẹsẹ̀ yẹn, kí n fi lo òní. Ṣé kò ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe. Èmi kì í ṣe é.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Owó ọkọ̀ ń bẹ lọ́rùn yín, ẹni tó ni ọkọ̀ ń retí rẹ̀ ní alẹ́, èrò sì kún Ògólóńtò bí omi. Mo ti wà níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí dídí ẹsẹ̀ ń ṣe gan-an. Mẹkáníìkì á tú páìpù ẹsẹ̀ tó ń jò, á ki ìṣó tàbí bọ́ọ̀lù irin kékeré sẹ́nu rẹ̀, tàbí kó fi pílíà tẹ páìpù náà pẹlẹbẹ, kó sì wá dá a pọ̀. Ọ́ìlì ò ní jò mọ́. Pẹ́dà á gòkè wá, á le dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀. Líle yẹn ló ń tan èèyàn jẹ, torí ẹsẹ̀ yín á sọ fún yín pé ara bíréèkì ti yá, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ mẹ́rin. Bó bá jẹ́ iwájú ni wọ́n dí, ọkọ̀ á máa fà sí apá kejì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó máa fi ọwọ́ tún un ṣe, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ọwọ́ yín á ti mọ́ ọn lára, ẹ ò ní rántí mọ́. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tí ẹ sì fẹ́ dúró lójijì ní ìsọ̀kalẹ̀ afárá Májídùn ni á rán yín létí.

"Òní nìkan" yẹn kì í sì tán lónìí. Mo tú Sienna kan tí obìnrin kan gbé wá nítorí pádì iwájú tó ń tètè jẹ tán. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn òsì, ibẹ̀ gbẹ, eruku bò ó bí ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé. Mo tú họ́ọ̀sì: nọ́ọ̀tì kékeré kan ló wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fi wáyà dì í. Ìpata ti so nọ́ọ̀tì náà mọ́ ibẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí wọ́n tà á fún un, òun sì ń fi gbé ọmọ mẹ́ta lọ síléèwé ní Ìgbógbó láràárọ̀. Kò sọ̀rọ̀ nígbà tí mo fi hàn án. Ó kàn mú nọ́ọ̀tì náà lọ́wọ́ mi, ó fi sínú báàgì rẹ̀.

Ìdajì bíréèkì wà láti gbé yín dé etí títì. Láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ọkọ̀ náà, tàbí kí mẹkáníìkì wá bá yín níbẹ̀. Owó páìpù kan pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ ò tó owó táyà tuntun kan.

Tí a bá fi rọ́bà tíúbù dì í ńkọ́? Tàbí kí wẹ́dà bá wa jó o?

Ẹ rántí 1,000 psi yẹn. Rọ́bà tíúbù ò lè dì í, gọ́ọ̀mù ò lè dì í. Iná wẹ́dà á sun irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà kó tó so ó, ibi tó jó sì ni yóò ti tún bẹ́. Kọ́pà fìríìjì náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á: gbígbọ̀n ọkọ̀ á sọ ọ́ di líle, á sì sán. Páìpù bíréèkì ni kí wọ́n fi rọ́pò páìpù bíréèkì, yálà irin tàbí àdàlù kọ́pà àti nikẹ́ẹ̀lì tí kì í dípẹtà, kí wọ́n sì fi irinṣẹ́ rẹ̀ tẹ ẹnu rẹ̀ padà bó ṣe wà nínú ti àkọ́kọ́.

Kí ló ń jẹ́ kó já? Ọkọ̀ mi ò tíì pẹ́ tí mo rà á.

Ó lè má pẹ́ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́wọ́ òtútù. Ní Kánádà, ní apá àríwá Amẹ́ríkà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín kí ọ̀nà má baà máa yọ̀. Iyọ̀ yẹn ń ta sí abẹ́ ọkọ̀, ó ń jókòó sábẹ́ àwọn ike tó di páìpù mú, ó ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ láìsẹ́ni tó rí i. Ọkọ̀ náà á wá gúnlẹ̀ sí èbúté wa, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kùn ún, á máa dán. Èmi kì í wo ara tó ń dán. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo máa ń yọ ike yẹn, mo sì máa ń fi èékánná ha páìpù náà. Èyí tó dáa á yọ̀ lábẹ́ èékánná. Èyí tí ìpata ti jẹ á wú bí ara tó yọ ifo, á máa bọ́ ní ìpẹ́ẹ́pẹ́ bí ẹja. Bí ẹ bá rí ìyẹn, ẹ má dúró kó já.

Ìkòròdú náà ní tiwa. Omi ọ̀sà wa máa ń níyọ̀ sí i nígbà ẹ̀rùn, àwọn ọkọ̀ tó ń gbé yanrìn tútù àti ẹja láti Ẹbúté àti Báyéékù sì ń gbé omi yẹn kiri lábẹ́ ara wọn. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ abẹ́ ọkọ̀ bí ẹ bá ti ibẹ̀ dé.

Họ́ọ̀sì rọ́bà tó lọ sí ẹsẹ̀ táyà ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: bó bá là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tàbí tó ń wú bí bàlúùn nígbà tí ẹlòmíì ń tẹ pẹ́dà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún lè wó sínú láìsí àpá kankan lóde. Ọ́ìlì á lè wọlé, kò ní lè padà, ẹsẹ̀ yẹn á sì máa gbóná, á máa di ọkọ̀ mú lójú ọ̀nà. Àwọn kan ń fi wáyà gbé kálípà, irin tó ń fi pádì fún díìsì ẹsẹ̀ táyà mú, kọ́ bí wọ́n bá ń pààrọ̀ pádì, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí kálípà máa mì jòlòjòlò lórí họ́ọ̀sì, ó ti ń já a nìyẹn.

Iná pupa ń tàn ní dáṣìbọ́ọ̀dù, mo sì ti sọ bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀.

Ẹ wo ike ọ́ìlì lójú ẹsẹ̀. Iná kan náà ni wọ́n sábà máa ń lò fún bíréèkì ọwọ́ àti fún ọ́ìlì tó ti lọ sílẹ̀, torí náà ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé bíréèkì ọwọ́ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kí riwáyà yọ gílóòbù rẹ̀. Iná ABS (ohun tí kì í jẹ́ kí táyà gan bí ẹ bá tẹ bíréèkì) aláwọ̀ ìyeyè yàtọ̀, ABS pàápàá ò sì lè fún yín ní bíréèkì láti inú páìpù tí kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀.

Ọ́ìlì ń dínkù. Ṣé kí n máa dà á kún un ni?

Ó lè dínkù díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù púpọ̀ bí pádì bá ń jẹ, ìyẹn ò burú. Bó bá ti ń béèrè lọ́sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, ó ń jò. Ẹ wá a: ẹ wo ẹ̀yìn inú táyà kọ̀ọ̀kan, ìdí másítà, àti orí kápẹ́ẹ̀tì níbi pẹ́dà. Omi AC kì í yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì bíréèkì ń yọ̀, ó sì máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Bó bá ta sára ọkọ̀, omi ni kí ẹ tètè fi fọ̀ ọ́.

Ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike ni kí ẹ rà, DOT 3 tàbí DOT 4. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí ti jíà á mú kí gbogbo rọ́bà inú másítà àti kálípà wú, bí wọ́n bá ti wú, gbogbo rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀. Omi ọṣẹ tí àwọn kan ń dà sí i náà á dípẹtà síbẹ̀, á sì hó. Ooru bíréèkì ló ń jẹ́ kó hó: DOT 3 tuntun gbọ́dọ̀ dé 205°C kó tó hó, ṣùgbọ́n ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bó bá sì ti gba omi dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, 140°C ni. DOT 4 tuntun jẹ́ 230°C, èyí tó ti gba omi jẹ́ 155°C. Nínú ọ̀rinrin Èkó wa yìí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì.

Pẹ́dà ń wọlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tó ti ń jò.

Ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀. Bó bá ń rọra lọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, rọ́bà inú másítà ló ti jẹ, ọ́ìlì ń kọjá láàárín yàrá rẹ̀. Bó bá rọ̀ bí kànìnkànìn tó sì ń gòkè bí ẹ bá pọ́ǹpù rẹ̀, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Bó bá le gan-an tí ọkọ̀ ò sì dúró, ẹ lọ wo bùsítà.

Tipa àti tírélà ńkọ́? Ṣé bákan náà ni tiwọn?

Rárá. Àwọn tipa ńlá tó ń kó yanrìn àti tírélà tó ń jáde ní Odògùnyàn, afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ṣe é fi sípíríǹgì ńlá sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì ń tì í sẹ́yìn kí ọkọ̀ tó lè rìn. Bí páìpù bá já tí afẹ́fẹ́ sá lọ, nǹkan kan á máa dún lójú dáṣìbọ́ọ̀dù ní nǹkan bíi 60 psi, bó bá sì dé àárín 20 sí 45, sípíríǹgì á bọ́, á gan ẹsẹ̀ pa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí tírélà tó dúró sójú kan ní àárín títì. Àwọn kan ń fi bọ́ótì ńlá fa sípíríǹgì náà sẹ́yìn, kí wọ́n baà lè máa lọ láìsí afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ dídí nìyẹn náà, ẹrù yanrìn ló wà lórí tiwọn.

Wọ́n ti tún un ṣe. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Ẹ dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń bílíìdì rẹ̀, ìyẹn bí wọ́n bá ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ́ìlì. Kí wọ́n fi rọ́bà tó mọ́ gaara sẹ́nu níbùù, ẹnu kékeré tí à ń tú kí ọ́ìlì lè jáde, kí ìdí rọ́bà náà wà nínú ọ́ìlì nínú ìgò, kí ẹ sì máa wo rọ́bà náà títí tí ìfófòó kankan ò fi ní kọjá mọ́. Ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí másítà ni a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, àfi bí ìwé ọkọ̀ bá sọ òmíràn. Ọ́ìlì tó ti jáde sínú ìgò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ tẹ pẹ́dà tagbáratagbára, ẹ dì í mú fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Kí mẹkáníìkì wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà yẹn, kó fi tíṣù funfun nu gbogbo oríkèé tó tú, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì na tíṣù náà sí yín. Bó bá gbẹ, ẹ wa ọkọ̀ náà lọ díẹ̀ nínú àdúgbò níbi tí èèyàn ò pọ̀ sí, ní eré ẹlẹ́sẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ tún padà wá sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tíṣù míì.